Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lára Ilẹ̀kùn Yàrá Òkùnkùn

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu? Ẹ bá mi kí Bàbá gan-an. Ẹ sọ fún wọn pé rédíò kékeré tí wọ́n tún ṣe fún mi kí n tó kúrò nílé ṣì ń sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rò pé èdè tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ níbí yé e. Ara mi le. Òtútù ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀, mo sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ẹ̀wù mẹ́ta lé ara wọn láì jọ àpò ẹ̀wà.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ohun tó ń dùn mọ́ mi nínú. Ọ̀rọ̀ yín ti di ọ̀rọ̀ ńlá níbi iṣẹ́ wa.

Ẹ rántí pé mo sọ fún yín nípa yàrá òkùnkùn tó móoru, níbi tí a máa ń to àwọn tìréè sí lẹ́yìn tí a bá ti gbin irúgbìn sínú wọn. Irúgbìn fẹ́ràn òkùnkùn yẹn títí yóò fi yọrí. Àmọ́ ọjọ́ tó bá yọrí gan-an ló yẹ ká gbé e bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀. Bí a bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, yóò máa wá ìmọ́lẹ̀ kiri, ọrùn rẹ̀ á gùn, á funfun, á sì wó lulẹ̀. Ohun tí ẹ̀yin náà ń sá fún nìyẹn tí ẹ fi máa ń ṣí àpò ìdọ̀họ kúrò lórí ebè ní kùtùkùtù.

Fáànù inú yàrá náà ń pariwo débi pé èèyàn ò lè ṣàlàyé ohunkóhun fún ẹnìkejì rẹ̀. Lóṣù tó kọjá mo ṣí ilẹ̀kùn, mo rí i tí ewé tíńtìntín ti gbé iyẹ̀pẹ̀ lérí nínú tìréè ìsàlẹ̀, mi ò sì mọ ìgbà tí mo kígbe pé, "Púwẹ́." Bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ ni mo ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ètè tí ẹ máa ń ṣù jọ yẹn. Àwọn tó wà nítòsí yíjú sí mi. Wọn ò béèrè ìtumọ̀. Wọ́n rí ohun tí mo rí, wọ́n sì ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù wá. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin tó ń fọ tìréè ló kígbe rẹ̀. Ní báyìí gbogbo wa là ń kígbe rẹ̀. Wọ́n ń fa ìparí rẹ̀ gùn bí ẹni ń pe ewúrẹ́ wálé, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà a ò tíì da tìréè kan nù.

Ọ̀gá wa obìnrin, èyí tí mo sọ fún yín pé kì í rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fẹ́ kọ púwẹ́ sára ilẹ̀kùn yàrá náà ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, kí n sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún òun, àti ibi tó ti wá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú mọ́ mi lójú. Tíṣà kan ń gbé lókè ilé wa tó ń sọ èdè wa, mo sì bi í. Ó ní kò sí ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní koríko ń hù, eyín ń yọ, oṣù ń lé, ẹyin ń pa, òdòdó ń tanná, ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni tuntun, púwẹ́ ò sí níbẹ̀. Mo ní nílé tiwa, gbogbo wọn ni púwẹ́. Eyín mi àkọ́kọ́, púwẹ́. Oṣù tó lé sórí òrùlé, púwẹ́. Ọmọ adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹyin lu, púwẹ́. Ọjọ́ tí ẹ rí ewú àkọ́kọ́ lórí yín nínú dígí, ẹ ní púwẹ́, ẹ sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú yín. Kì í ṣe ohun tuntun lásán là ń pè bẹ́ẹ̀. Bàtà tuntun kì í ṣe púwẹ́. Ohun tó wà níbì kan tí a ò rí i, tó wá yọ orí síta, òun ni. Tíṣà ní bóyá ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀dá rẹ̀. Mo bínú sí i, mi ò sì kí i láàárọ̀ yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni púwẹ́ ti wá? Ṣé ọ̀rọ̀ ìyá yín ni, àbí ti àwọn tó kọ́ yín níṣẹ́ ọ̀gbìn? Ẹ tètè fèsì, ọ̀gá wa ti ra ọ̀dà.

Èmi ni àkọ́bí yín, èmi náà ni àbíkẹ́yìn yín, ọmọ yín kan ṣoṣo,
Oníbéèrè


Ogúnjọ́, oṣù kẹta

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń retí lẹ́tà yín títí ojú mi fi fẹ́ẹ̀ yọ. Ẹni tó ń há lẹ́tà ládùúgbò yìí ti mọ̀ mí, tó bá ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà á ti máa mi orí láti òkèèrè. Ṣé kò sí nǹkan? Ṣé orúnkún ni? Mo gbìyànjú láti pe fóònù aládùúgbò wa, ẹni tó gbé e ní ẹ lọ bomi rin ebè, ohùn rẹ̀ sì já kí n tó béèrè Bàbá.

Ẹ má bínú pé mi ò dúró de èsì yín. Ọ̀gá wa ń béèrè ní ojoojúmọ́, ojú sì ń tì mí láti sọ pé mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ inú ilé mi ti wá. Mo bá sọ fún un pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ ni, pé nígbà ìwáṣẹ̀, bí irúgbìn bá yọrí, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á ké púwẹ́ kí gbogbo oko lè gbọ́. Ó dùn mọ́ ọn. Wọ́n ti kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn báyìí, lẹ́tà ńláńlá, àmì ohùn rẹ̀ sì pé, èmi ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì fà á sí i. Ìyá àgbà kan tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wa ní ọmọ ọmọ òun hu eyín lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun sì ní púwẹ́ fún un.

Ẹ wò ó, Màámi, ọ̀rọ̀ yín ti rìnrìn àjò jù yín lọ. Ẹ fèsì, ẹ bá mi wí bó bá yẹ kí ẹ bá mi wí. Dídákẹ́ yín ló ń dẹ́rù bà mí.

Oníbéèrè yín


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin

Oníbéèrè,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ méjèèjì dé. A dúpẹ́ pé ara rẹ le.

Ta ló ní kí o mú ọ̀rọ̀ yẹn lọ fún àwọn èèyàn? Ṣé mo rán ọ? Ohun tí èèyàn ń sọ nínú ilé rẹ̀ láàárín ara rẹ̀, ìwọ gbé e lé ilẹ̀kùn fún gbogbo ayé. O sì tún parọ́ àgbẹ̀ àtijọ́ mọ́ ọn. Àgbẹ̀ wo? Ìwáṣẹ̀ wo?

Sọ fún wọn kí wọ́n pa á rẹ́. Sọ fún wọn kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ mìíràn, èdè tiwọn ò ṣá gbẹ. Kí ìyá àgbà yẹn náà fi ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ pe eyín ọmọ ọmọ rẹ̀.

Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá rẹ ń kí ọ. Bí o bá rí ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, tó jẹ́ onírun inú, rà á fún wọn. Ẹsẹ̀ wọn kan máa ń tutù. Kì í ṣe èyí tó ní àwòrán, bàbá rẹ kì í ṣe ọmọdé.

Èmi ni ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Màámi,

Ẹ kú ìbínú. Mo ka lẹ́tà yín lórí àtẹ̀gùn, mi ò lè wọlé fún ìgbà pípẹ́. Kò sí ìgbà kan rí tí ẹ kọ̀wé sí mi tí ẹ ò pè mí ní ọmọ yín. Ẹ pè mí ní Oníbéèrè bíi pé ẹ̀sùn ni.

Kí ni mo ṣe? Ṣé ẹ rò pé mo tà á ni? Kò sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀. Mo wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè pe orúkọ mi dáadáa, gbogbo ohun tí mo bá sọ ni wọ́n ń ní kí n tún sọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo sọ tí wọn ò ní kí n tún sọ. Inú mi dùn. Mo rò pé inú yín náà á dùn. Bí mo bá ń gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣe mí bíi pé ẹ wà ní òdìkejì yàrá. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni ìyẹn?

Mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu ṣá. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ ọ́ mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mo ń ṣàwàdà ni. Ọkùnrin tó ń fọ tìréè ní ẹnu òun ti mọ́ ọn lára, òun ò mọ ohun tí òun á fi dípò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò dà bí aṣọ tí èèyàn lè gbà padà lọ́wọ́ ẹni tó yá a. Mi ò mọ bí màá ṣe kó o jọ.

Mo wá ń ro nǹkan kan tí mi ò rò rí. Bàbá kì í sọ púwẹ́. Nígbàkígbà tí ẹ bá ti sọ ọ́ lójú wọn, wọ́n á dìde. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ mu omi, tàbí kí wọ́n tan rédíò kan tí wọn ò tíì tún ṣe tán, á sì máa hó ṣáá láìsí ohùn. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń ní Bàbá ti gbọ́ púwẹ́, òùngbẹ ti ń gbẹ wọ́n. Ẹ̀yin kì í bá mi rẹ́rìn-ín. Kí ló dé?

Àti pé kí ló dé tó fi jẹ́ ẹsẹ̀ kan ló ń tutù? Ẹsẹ̀ méjì ni Bàbá ní nígbà tí mo kúrò nílé. Mo ti ra ìbọ̀sẹ̀ náà, ó wà lọ́nà. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, bó ti wù kó rí.

Ọmọ yín ni mí, ẹ̀ báà pè mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ báà má pè mí bẹ́ẹ̀


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Ọmọ mi ni ọ́. Jókòó kí o tó ka èyí. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo fà á ya, mo tún kọ ọ́. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù aládùúgbò, mi ò fẹ́ sunkún lójú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìwọ kọ́ ni àkọ́bí mi. Ọmọkùnrin kan ti ṣíwájú rẹ. Ó sanra, orí rẹ̀ rí róbótó, ó sì pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pe ìyá, wọ́n ti ń pe bàbá, òun kàn ń wò wá ni. Bàbá rẹ máa ń gbé rédíò sí i létí, wọ́n ní bóyá yóò kọ́ ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kò kọ́ nǹkan kan. Ohun tó fẹ́ràn ni kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè nígbà tí mo bá ń bomi rin, kó máa fi ọwọ́ ra iyẹ̀pẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ṣí àpò ìdọ̀họ kúrò lórí ebè ọsàn. Mo ti sọ̀rètí nù lórí ọsàn yẹn, mo ti fẹ́ tú u dànù. Wọ́n ti yọrí. Ọmọ náà tẹ̀ síwájú, ó na ìka, ó ní, "Púwẹ́." Kedere ló sọ ọ́. Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀. Mo bá pariwo pe bàbá rẹ, wọ́n sì sáré jáde tàwọn ti irin gbígbóná tí wọ́n fi ń lẹ wáyà lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo ní, "Ó sọ̀rọ̀. Ó ní púwẹ́."

"Kí ní ń jẹ́ púwẹ́?"

"Ẹ bi í. Èmi ò mọ̀."

Bàbá rẹ sọ irin náà sílẹ̀, wọ́n dojú bolẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n wo ọ̀gangan ibi tí ìka rẹ̀ nà sí. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n wá ní, "Lóòótọ́, púwẹ́ ni."

Ibi tó ti wá nìyẹn. Kò jọ ọ̀rọ̀ kankan tí a sọ sí i létí rí. Ó mú un wá fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú ni púwẹ́ fún un. Oṣù ni, ewé ni, orí alángbá láàárín ògiri ni. Bí bàbá rẹ bá ń wọ ẹ̀wù, tí orí wọn bá yọ jáde lọ́rùn ẹ̀wù, á ní púwẹ́. Wọ́n á bọ́ ẹ̀wù náà, wọ́n á tún un wọ̀, wọ́n á tún bọ́ ọ, kó ṣáà lè máa sọ ọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kí aṣọ sinmi. Kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn, ọmọ mi. Kò pe èmi ní ìyá rí. Ó kú kó tó ní òmíràn.

Ibà ni. A gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, dókítà sì ṣe ohun tó lè ṣe. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì.

Nígbà tí a sin ín tán, bàbá rẹ kó gbogbo aṣọ rẹ̀ jáde nílé. Àwòrán ò sí, torí a ti ń sọ pé bó bá pé ọdún méjì la máa gbé e lọ yàwòrán. Wọ́n bẹ̀ mí kí n má pe orúkọ rẹ̀ mọ́, wọ́n ní bí àwọn bá gbọ́ ọ, ọwọ́ àwọn ò ní lè ṣiṣẹ́. Mo gbà fún wọn. Àmọ́ wọn ò sọ pé kí n má sọ púwẹ́. Mo bá ń sọ ọ́. Bí nǹkan bá ti yọjú, màá fi pe ọmọ náà. Nígbà tí eyín rẹ yọ, mo pè é wá wò ó. Ọjọ́ tí mo rí ewú lórí mi, mo pè é kó wá wo bí ìyá rẹ̀ ṣe ń dàgbà. Ìwọ rò pé ẹ̀rín ló mú omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà.

Bàbá rẹ á sì dìde. Mi ò bi wọ́n rí. Mo rò pé wọ́n kórìíra rẹ̀ lẹ́nu mi ni, pé wọ́n ń bá mi bínú nínú, mo sì ń sọ ọ́ náà. A jọ gbé ilé bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Ìwọ gbé e sẹ́nu kí o tó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn. Mi ò lè sọ fún ọ pé ti ẹlòmíràn ni. Nígbà tí o wá kọ̀wé pé ọkùnrin tó ń fọ tìréè ń kígbe rẹ̀ bí ẹni ń pe ewúrẹ́, àyà mi já. Mo rò pé bó bá di ti gbogbo ayé, kò ní jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Kò fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ fún mi. Láti ọjọ́ náà mi ò lè sọ ọ́. Ata yọrí lórí ebè mi, mo dúró lé e lórí, ẹnu mi kọ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé ó tún kú lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun kejì nìyí. Bàbá rẹ ṣàìsàn. Apá kan àti ẹsẹ̀ kan ò gbọ́ tiwọn mọ́, ẹnu wọn sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Inú oṣù kejì ló ṣẹlẹ̀, kí lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́ tó dé. Nítorí náà má jẹ́ kí ọkàn rẹ sọ fún ọ pé ìwọ lo fà á. Ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu wọn. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, á fọ́ sí wọn lẹ́nu, wọ́n á bínú, wọ́n á dákẹ́. Mo máa ń gbé àga wọn sí ẹ̀gbẹ́ ebè láàárọ̀ kí oòrùn lè kan ẹsẹ̀ náà. Rédíò àwọn èèyàn kún ilé, kò sí ẹni tó máa tún un ṣe.

Wọ́n ń wo fọ́tò rẹ púpọ̀. Bó bá ṣeé ṣe, wá.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà

Màámi mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú ìrọ́jú ìgbà yẹn, ẹ kú ti ìsinsìnyí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn kú ọ̀fọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Inú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo sunkún débi pé ọ̀gá wa wọlé wá bá mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì sọ pé irọ́ ni mo pa nípa àwọn àgbẹ̀ àtijọ́. Ó jáde, ó mú ọ̀dà funfun, òun fúnra rẹ̀ ló kun ojú ilẹ̀kùn náà. Kò sẹ́ni tó sọ púwẹ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá rí ohun tó yọrí á máa ju ọwọ́, á máa lu férémù ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹnikẹ́ni ò rí ọwọ́ tí ìyá àgbà yẹn ń jù. Ìgbà tí a ṣí ilẹ̀kùn ní ọjọ́ Ajé, àwọn tìréè méjì ìsàlẹ̀ ti funfun, wọ́n ti wó lé ara wọn. Èmi ni mo gbé wọn lọ dànù. Mi ò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi gbé e.

Inú ń bí mi díẹ̀, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin náà lẹ jẹ́ kí n máa pe ara mi ní àkọ́bí ní gbogbo ọjọ́ ayé mi. Mo ti sọ púwẹ́ níwájú Bàbá láìmọye ìgbà, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń dìde, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Nípa wíwá mi: ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ, wọn ò tíì dá a padà. Bí mo bá jáde báyìí, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́, iṣẹ́ á sì bọ́. Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní òun kẹ́dùn, kí n tún padà wá lóṣù kẹjọ. Ẹ sọ fún Bàbá pé mò ń bọ̀. Ẹ bá mi sọ ọ́ sí wọn létí, ní ẹ̀gbẹ́ tí àìsàn ò mú.

Kí ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé Bàbá á gbà kí n mọ̀ ọ́n?

Oníbéèrè yín


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi àtàtà,

Bàbá rẹ ti lọ. Ìdí nìyẹn tí èsì mi fi pẹ́. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin fẹ́ kí wọ́n pè ọ́ lórí fóònù, èmi ni mo ní rárá, kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí ohùn já láàárín irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Fi ara balẹ̀ kà á, wọ́n lọ jẹ́jẹ́.

Mo sọ fún wọn pé ò ń bọ̀. Etí ọ̀tún ni mo sọ ọ́ sí. Wọ́n mi orí pé àwọn gbọ́.

Ìbọ̀sẹ̀ rẹ dé nígbà tí wọ́n ṣì wà. Ó wọ̀ wọ́n. Mo ń fi wọ̀ wọ́n láràárọ̀, wọ́n á sì máa wo ẹsẹ̀ ara wọn bí ẹni tó ra bàtà ọdún. Òun náà ni mo fi wọ̀ wọ́n lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ nìyí. Kí wọ́n tó lọ, mo gbin ọsàn. Ó pẹ́ tí mo ti gbìn ín gbẹ̀yìn, ẹnìkan ló bẹ̀ mí fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbé bàbá rẹ sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, mo ṣí àpò ìdọ̀họ, mo sì rí i. Ó ti yọrí, mẹ́ta, mẹ́rin, ọrùn wọn tẹ̀ bí ti lékeléke. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo ń ká àpò náà lọ. Mo rí i pé bàbá rẹ ń wò mí, wọn ò wo ebè, ẹnu mi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń dúró. Mo rò pé omi ni wọ́n fẹ́, mo ní, "Ṣé kí n bu omi?" Wọ́n mi orí pé rárá. Wọ́n na ọwọ́ tó dáa sí ebè, wọ́n tún wo ẹnu mi. Ìgbà tí wọ́n rí i pé mi ò ní sọ ọ́, wọ́n ṣù ètè wọn jọ. Ẹnu yẹn ò gbọ́, ó ń wọ́ lọ, wọ́n tún kó o jọ. Wọ́n ní, "Púwẹ́."

Ó pé. Kò fọ́. Gbogbo oṣù tí mo ti ń tọ́jú wọn, òun nìkan ni ọ̀rọ̀ tó jáde lódindi.

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Mo ní, "Lóòótọ́, púwẹ́ ni." Wọ́n tún sọ ọ́, wọ́n sì ń sunkún, omi ń gba ẹ̀gbẹ́ tó wọ́ yẹn ṣàn lọ sọ́rùn. Wọ́n gbá ọwọ́ mi mú. Mo wá mọ̀ pé wọn ò kórìíra rẹ̀ lẹ́nu mi rí. Bí mo bá ń sọ ọ́, wọ́n ń lọ sunkún ni, wọ́n ń jẹ́ kí rédíò hó kí n má bàa gbọ́. Wọ́n sì ń retí rẹ̀. Gbogbo àwọn oṣù tí mo fi dákẹ́, wọ́n ń retí kí n pè é, wọn ò sì lè sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Mo pe orúkọ rẹ̀ sí wọn létí lọ́jọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ní kí n tún un pè, wọ́n fún ọwọ́ mi ni mo fi mọ̀. Mo ń pè é láràárọ̀ títí wọ́n fi sùn tí wọn ò jí. Ìwọ náà béèrè rẹ̀. Nígbà tí o bá wálé, màá pè é fún ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. Mi ò fẹ́ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, mo fẹ́ wo ojú rẹ.

Má sunkún jù nítorí pé o ò lè dé. Mo bínú sí ọ fún ọjọ́ kan, ó sì ti tán. Jẹun. Kí tíṣà òkè yẹn kó o tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí i, òótọ́ ló sọ, ilé wa la ti ṣẹ̀dá rẹ̀.

Mo ti ro ti ilẹ̀kùn yẹn dáadáa. Sọ fún ọ̀gá rẹ kó tún ọ̀dà aláwọ̀ ewé náà gbé, kó kọ ọ́ padà síbi tó wà. Mi ò fẹ́ kí nǹkan kan tún funfun sínú òkùnkùn nítorí pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi. Àmọ́ má fi àgbẹ̀ àtijọ́ sí i. Bí wọ́n bá béèrè ibi tó ti wá, sọ pé ọmọ kan ló ni ín, orí rẹ̀ rí róbótó, iyẹ̀pẹ̀ máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ ni àbúrò rẹ̀.

Kí ọkùnrin tó ń fọ tìréè máa kígbe rẹ̀ bó ṣe wù ú, kó fà á gùn. Kí ìyá àgbà yẹn fi kí eyín ọmọ ọmọ rẹ̀. Kí gbogbo wọn máa pè é. Ó ti pẹ́ jù tí èmi nìkan ti ń pè é.

Ìyá yín, ẹ̀yin méjèèjì